Ayálégbé Inú Ọyàn

Ìyá onílé ti oògùn náà padà sọ́wọ́ dókítà. "Mi ò lò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ ti tan ìtànṣán sí mi lọ́yàn, kókó yìí ò kéré sí i. Kí ni hóró kan fẹ́ ṣe?"

"Mà, ìlànà ìfìròyìnránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ..."

"Ẹ sọ ọ́ kó yé mi, àbí kí n máa lọ sílé."

Dókítà họrí. "Tí ẹ bá fẹ́ lé àwọn ayálégbé yín ńkọ́?"

"Wọ́n á ti ta ara wọn lólobó! Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́."

"Ohun tí jẹjẹrẹ yín ń ṣe nìyẹn. Bí ìtànṣán bá ti bà wọ́n, wọ́n á ránṣẹ́ síra wọn pé kí wọ́n tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Oògùn yìí ló máa dí wọn lẹ́nu."

"Olófòófó gbogbo!" Ó gbé e mì láìbéèrè omi.

Nígbà tó yá, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán. Ohùn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ ẹ̀rọ náà bú jáde nínú gbohùngbohùn ara ògiri: "Màmá, ẹ má mira o! A ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

Ìyá onílé fìka lé ètè. "Ṣé kí wọ́n lè gbọ́ lo ṣe ń pariwo?"

Ní yàrá kejì, dókítà tẹ òṣìṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú gbohùngbohùn: "Ẹ má bínú, mà. Kò mọ̀ pé wọ́n wà nílé ni."