Irun Opó Mosúnmọ́lá

Láràárọ̀, kí Mosúnmọ́lá tó fọ ẹnu, á gbé ọwọ́ lé gíláàsì ara ògiri. Gíláàsì yìí ló ń wo pùròtéènì tó máa ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ọmú rẹ̀ pé kó máa dàgbà. Bí pùròtéènì náà bá dákẹ́, iná aláwọ̀ ewé á tàn; bí kò bá dákẹ́, pupa ni. Oògùn tó ń pa á lẹ́nu mọ́ wà nínú bébà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá.

Ṣùgbọ́n oògùn náà pa irun lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú. Orí tí wọ́n fá fún un nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ṣì ń dán. Nílé ọkọ rẹ̀, opó kì í bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ àfi tí irun rẹ̀ bá tó dì.

Láàárọ̀ yìí, iná pupa ló tàn. Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó wá kí i, rí i. Ó wo apá Mosúnmọ́lá, kò rí bébà.

"Ìyàwó, ta ló ní kó o yọ ọ́?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Mo fẹ́ kí irun hù díẹ̀ ni. Aṣọ yìí ti sú mi."

Ìbíyẹmí lẹ bébà tuntun mọ́ ọn lápá, ó jókòó, ó sì fi orí Mosúnmọ́lá sáàárín orúnkún ara rẹ̀. Ó fi òrí pa á, ó fi ìyarí là á dé ìpàkọ́, ó wá ń fi ìka di irun tí kò sí níbẹ̀.

"Èmi ni mo fá a, èmi náà ni mo ń dì í. Tí mo bá ṣe tán, lọ bọ́ aṣọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó wá bá mi."

Mosúnmọ́lá nu ojú rẹ̀.

"Ẹ rọra," ó ní, "ẹ má jẹ́ kó fún jù."