Ojú Ìwé Tí N Kì Í Kà

Màmá Kaoussarath ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn l'Adjamé.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé ọmọ wọn síta nítorí tèmi, n ò débẹ̀ mọ́.

Wọ́n na ìwé kan sí mi. Ìwé Kaoussarath ni. Àwa méjèèjì la jọ máa ń kà á.

"Martine, ìwọ lo gbọ́ Faransé. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ìtàn àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń fẹ́ra wọn ni.

Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo dé ibi tí ìyá ti lé ọ̀kan nínú wọn jáde, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Màmá ń ká aṣọ, wọn ò wojú mi. "Ṣé ó padà ṣí i?"

"Ó ṣí i, Màmá. Lójú ìwé tó gbẹ̀yìn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, n kì í lè kà á mọ́."

"Kaoussarath ńkọ́?"

"Ó máa ń ní irọ́ ni. Pé kò sí ìyá tó máa ń ṣí i."

Níta, àpíràntí ọkọ̀ gbaka ń pe èrò Yopougon.

Wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé ìwé náà nítorí òjò.

"Lọ ka ojú ìwé yẹn fún un."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Èèwọ̀! Ìyá kì í mọ sàréè ọmọ ẹ̀. Ìwọ lo tẹ̀lé àwọn tó lọ sin ín."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tún pè mí.

"Kà á sókè o. Kó o sì sọ fún un pé n kì í ti ilẹ̀kùn mọ́."