Ibi Tí Ẹ̀rọ Ti Gé Ọ̀rọ̀

"Bàbá ti kú, ìwọ sì jókòó síbí!"

Ìyá fa bébà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n Ọ̀mù-Àrán. Iná ti lọ. Ìlà kan ṣoṣo ló ráyè jáde: BABA TI KU.

Ọmọ rẹ̀, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, fò dìde.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kò tíì parí ni! Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ yìí máa gé gbólóhùn sí lẹ́tà mẹ́wàá mẹ́wàá, àlàfo pẹ̀lú, torí bébà rẹ̀ tín-ín-rín. 'Bàbá ti kúrò ní ọsibítù' ni mo kọ. Ignatius, tó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Bàbá lọ sí Ìlọrin, ló fi fóònù sọ ọ́ láti ibẹ̀. Ayọ̀ ló mú mi fi dán ẹ̀rọ náà wò."

"Ìwọ àti Ignatius ò fi nǹkan pamọ́ fún mi?"

"Mo fi Bíbélì búra."

Ó mú bíírò, ó kọ ìyókù sábẹ́ ìlà náà: RO NI OSIBITU. Ìyá kà á, ó tún un kà, ó sì fi etí gèlè nu ojú.

"Ẹ̀rọ burúkú. Jẹ́ kí n lọ gúnyán de bàbá rẹ."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ignatius tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbólóhùn kan yẹn péré ló sọ tó fi gbé fóònù sílẹ̀.

Bí wọ́n ti jáde, ọkọ̀ Ignatius ń bọ̀ láti ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó rọra ń rìn, ó tan iná iwájú lọ́sàn-án gangan, màrìwò tútù sì wà ní imú ọkọ̀ náà.