Sítíárìn Tó Fúyẹ́

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi ìka kan ṣoṣo yí sítíárìn ọkọ̀ akẹ́rù ọkọ rẹ̀, ó sì yí wẹ́rẹ́.

Ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pé àràárọ̀ ló ń bá a wọ̀yá ìjà kó tó lè gbé búrẹ́dì dé ìsọ̀!

Bó bá ní èjìká ń ro òun, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ṣé orí lo fi rù ú ni?"

Àṣé ó ń gbọ́! Ó rọra gbé e wá fún mẹkáníìkì, kò tiẹ̀ sọ fún un; ìgbà tí ìyàwó ń kọjá lọ ló ṣàdédé rí ọkọ̀ náà níbẹ̀.

Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Mẹkáníìkì ń nu ọwọ́ sára àkísà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mà á, ẹ rí bó ṣe fúyẹ́? Ọ̀gá ò jẹ́ n rímú mí. Wọ́n ní dókítà ti kìlọ̀ fún ìyàwó àwọn kó má fagbára ṣe nǹkan kan títí tó máa fi bímọ."

Ó wo ikùn rẹ̀.

"Kò tiẹ̀ tíì hàn lára yín! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!"

"Àmín o."

Ẹnu rẹ̀ ti ṣe é tán kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀.

Àbíkẹ́yìn tó bí ti ń fá irùngbọ̀n.