Alùpùpù Tí Kò Ní Ìjókòó

"Olè," ni ẹ̀gbọ́n mi Hafiz ń pariwo, ó tún fi èdè ìlú pè é. "Krɔmfo. Alùpùpù Bàbá wa ló ń gùn yẹn."

Gbogbo àdúgbò wa, Moshie Zongo, ń tú jáde.

Ìdúró ni ọkùnrin náà wà lórí rẹ̀, torí alùpùpù yẹn kò ní ìjókòó. Irú èyí tí wọ́n fi ń gun àpáta ni. Ó ti ń dípẹtà lẹ́yìn ilé wa fún ogún ọdún kó tó pòórá lóṣù tó kọjá.

Lónìí, ó ń dán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Bàbá mú gbogbo ọmọ ilé fọwọ́ lé Àlùkùránì, pé ká búra pé a ò mọ ẹni tó gbé e. Èmi ni mo kọ́kọ́ búra.

Pákó àkọ́kọ́ ba ọkùnrin náà lẹ́yìn. Ó ṣubú. Godfred ni, fítà tó ń tún alùpùpù ṣe ní ọgbà mẹkáníìkì Suame Magazine.

"Ta ló gbé e fún ẹ?" Hafiz ń fi irin gbá a lórúnkún. Mo gbọ́ bí eegun ṣe kán.

Godfred wo ojú mi. 

"Munir, kí lò ń wò?" Hafiz ki òkúta bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo ju òkúta náà lù ú. Ó bà á lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan ń gbé bẹntiróòlù bọ̀.

Bàbá dé. Ó bẹ̀rẹ̀ nídìí alùpùpù rẹ̀. Akoto tuntun kan wà tí wọ́n fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù náà. Ó yí i padà.

"Munir," ni Bàbá wí, "ta ló kọ orúkọ ẹ síbí?"

Òní ni Godfred ní òun máa gbé e padà fún mi, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gùn ún.