Kànní Kan fún Ìyá Àjíún

Ní àràárọ̀, Títíọlá máa ń wọ́n omi èwe sára àwọn kànní, kòkòrò tó ń jẹ ewé, tó wà lórí igi èmi, nínú ọgbà ọ̀gá rẹ̀ tó ń ta omi náà, lẹ́yìn Ṣakí. Omi yìí ló ń jẹ́ kí kòkòrò náà bọ́ awọ kó sì tóbi sí i, láìdi labalábá láé. Ẹran ni gbogbo ìlú ń fi wọ́n ṣe. Òfin sì ti ka labalábá léèwọ̀.

Ìyá rẹ̀, Àjíún, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé, "Bá mi fi ọ̀kan sílẹ̀. Mo fẹ́ rí i kó fò kí n tó lọ."

Títíọlá jí ọ̀kan gbé wálé, kò sì wọ́n omi sí i. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kòkòrò náà kò jẹun mọ́. Inú ìyá dùn, ó ní ó fẹ́ yíra padà nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, kòkòrò ti dúdú, awọ rẹ̀ sì ti fún un pa.

Títíọlá dọ́gbọ́n bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ohun tó lè fà á.

Ọ̀gá ní, "A ti yọ ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi ìdàgbà kúrò láyà wọn láti inú ẹyin. Inú omi wa nìkan ni wọ́n ti ń rí i báyìí. Ta ni ì bá ra omi wa, bí wọ́n bá lè ṣe tiwọn?"

Nígbà tí ìyá gbọ́, ó gbé kòkòrò náà lé àtẹ́lẹwọ́.

"Mo rò pé ẹ kàn ń dá a dúró ni," ó ní. "Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti gba ìdàgbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó kọjú sí ògiri, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.