Basit Mo-Ti-Gbọ́ àti Fáànù Rẹ̀

Basit ọmọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ parí. Kí èèyàn tó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, yóò ti já a gbà lẹ́nu rẹ̀: "Mo ti gbọ́!" Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un pé kó má da aṣọ funfun pọ̀ mọ́ pupa nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, bó ṣe dáhùn náà nìyẹn. Jálábíà píńkì ló wọ̀ lọ kírun Yídì.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé, lẹ́yìn Nusaybah àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ni ọkọ̀ fáànù àtijọ́ tó fi ń bá èèyàn kó ẹrù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ so yìgì ní Deptford, inú Basit sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ti búra pé fáànù yẹn ni òun yóò fi gbé ìyàwó òun wálé, àmọ́ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ bá Uncle Mùsílíù, mẹkáníìkì kan ní ẹ̀yìn Old Kent Road.

"Basit, fi sílẹ̀ di Monday, màá bá ẹ ṣe é."

"Uncle, ẹ ṣáà fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí."

Uncle yọ púlọ́ọ̀gì lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan tó wà nílẹ̀, ó ki sukurudíráfà gígùn bọ ihò rẹ̀ kó lè jókòó lórí píísítìnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ó wá ń fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀.

"Wò ó, piston gbọ́dọ̀ dé òkè téńté kó o tó fi belt síbẹ̀. Belt yìí ló ń jẹ́ kí piston àti valve, ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lókè rẹ̀, gbọ́ra wọn yé. Tí èyí bá ń gòkè, ìyẹn á ti yà fún un. Ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀ kó débẹ̀, á máa rọra, á dà bíi pé ó ti dúró..."

"Mo ti gbọ́! Tó bá ti dúró, kí n fi belt sí i!"

"Kò tíì dé o! Kó o sì fi ọwọ́ yí i wò kó o tó fi key sí i!"

Basit ti sọdá títì. Ìkánjú kì í jẹ́ kí etí ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú ilé wọn. Sukurudíráfà gòkè, gòkè, ó wá ń rọra. "Ó ti dúró!" Basit fò sókè, ó fi bẹ́líìtì tuntun sí i, ó ń kọrin. Ó wọ agbádá funfun, ó jókòó bí ọba, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Gbà! Gbàgà! Kẹ́ẹ́!

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn fáàfù, ìyẹn valve tí Uncle sọ, ti forí sọ píísítìnì, wọ́n ti tẹ̀ kọrọdọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Basit fi agbára mú tirẹ̀, ó sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì 453 ni ọkọ ìyàwó wọ̀ lọ, tòun ti ọwọ́ dúdú fún epo. "Congrats, bruv!" ni àwọn èrò ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú ń ti Basit, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa á.

Nígbà tó dé Deptford, Nusaybah wo ọwọ́ rẹ̀. "Where's the van?"

"Uncle ò sọ fún mi pé..."

"Uncle ti ring mi. O ò jẹ́ kí wọ́n finish!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yọ́ ọ̀rọ̀ kan sọ fún Alfa tó fẹ́ so yìgì náà. Alfa gbọ́ ọ tán, ó wúkọ́.

"Basit, sàdáákì, ẹ̀bùn yìgì tí Nusaybah ní òun fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ni..."

"Mo gbà!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"...fáànù rẹ, tó o bá ti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Orúkọ Nusaybah ni kó wà nínú ìwé ọkọ̀." Alfa ń nu omijé ẹ̀rín. "Ṣé o ṣì gbà?"

Basit wo Nusaybah, tó ń rẹ́rìn-ín títí ìbòrí rẹ̀ fi ń mì. Ó fara balẹ̀. "Mo gbà, Alfa."

Bí Basit ṣe di awakọ̀ ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kí Nusaybah tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, yóò to ibi tó máa lọ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ yà sí fún un lẹ́sẹẹsẹ. Basit yóò dúró gbọ́ ọ, kò sì ní mí.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin. Bí ẹni tó ń kọ́ wa bá rọra mí, kò túmọ̀ sí pé ó ti sọ tán; ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì ìmọ̀ràn, tó sì sáré lọ ṣiṣẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ba ohun tó fẹ́ràn jẹ́. Sùúrù kì í pẹ́ ju àtúnṣe lọ.